Ọjọ́ Tí Àyà Rédíò Dákẹ́

Ọkọ mi kì í fi ojú wo ẹ́ńjìnnì, etí ló máa ń fi wò ó. Bí oníbàárà bá gbé mọ́tò wá, kò ní kọ́kọ́ tú nǹkan kan. Yóò ní kí wọ́n taná sí i, yóò mú irin gígùn kan, yóò fi orí kan kan ẹ́ńjìnnì, yóò fi orí kejì kan etí ara rẹ̀, yóò sì dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ibi tó ń dùn ún. Kì í sábà ṣìnà. Bó bá tún un ṣe tán, yóò tún gbé etí lé e. Bí ariwo náà bá ti lọ, á nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, á ní, "Ó ti dákẹ́. Ẹ máa gbé e lọ." Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi tí mo fẹ́ ẹ kì í bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, torí ohun tí mo bá sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ló máa gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ àti ọgbà tó ti ń tún mọ́tò ṣe. Ẹ̀yìn méjèèjì ni yàrá wa wà. Láti òwúrọ̀ ni máṣíìnì mi á ti máa ró níhìn-ín, tí òòlù rẹ̀ á máa dún lọ́hùn-ún, àárín wa sì ni ọmọ wa obìnrin á ti máa sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méje ni, kò sì sí ohun tó ń kọjá lọ tí kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Bí o bá dá a lóhùn, inú ìdáhùn yẹn gan-an ni yóò ti rí ìbéèrè mìíràn fà yọ. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Rédíò. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó fi yàtọ̀ sí rédíò gidi ni pé kò ní ibi tí a ti lè pa á.

Ikọ́ fée ni ẹ̀rù ilé wa. Ó ti ń ṣe Rédíò láti ìgbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Bó bá ti dé, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, fíì, fíì, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tó bá pẹ́ lára ẹni a máa mọ́ni lára. Irọ́ ni. Ìgbàkígbà tó bá dé, ẹ̀rù rẹ̀ a máa bà mí bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ilé ìwòsàn fún wa ní ìnhélà méjì, ìyẹn àwọn ike kéékèèké tí wọ́n máa ń fín sẹ́nu. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni Rédíò gbọ́dọ̀ fín in kí àìsàn náà má baà dé. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù wà fún ìgbà tó bá dé. Nọ́ọ̀sì kan fi sùúrù kọ́ mi pé kí n máa dá ihò sí ìdí ìgò omi oníke, kí n ki ẹnu ìnhélà bọ ibẹ̀, kí ọmọ fi ẹnu kan ẹnu ìgò kó máa mí, kí oògùn lè dé àyà, kó má kàn dúró sórí ahọ́n. Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ ìgò omi nù mọ́.

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn kí ìyá ọkọ mi tó wá kí wa.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí bí mo bá dé iwájú, inú á ti máa bí mi, mo lè má rántí sọ ọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi rìn wọ ilé ìwòsàn, inú pósí ni wọ́n fi gbé e jáde, kò sì sí ẹni tó sọ fún un ní pàtó ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti fọkàn tán ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Lọ́jọ́ tó dé, ó bá Rédíò níbi tó ti ń fín ìnhélà rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ lé orí.

"Ẹ gbà mí o! Ọmọ kékeré tó ń fa ike bí ẹni ń fa sìgá! Ta ló fi èyí kọ́ ọ?"

"Dókítà ni, Màmá," ni mo wí.

"Dókítà náà dà? Ṣé ó ti wò ó sàn?"

Kò tíì sàn lóòótọ́. Wọ́n ti sọ fún wa pé kò sí ohun tó ń mú un kúrò pátápátá, ká kàn máa kó o níjàánu ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ fún ìyá tó gbé agbọ̀n wá láti ọ̀nà jíjìn. Oyin gidi wà nínú agbọ̀n náà, atalẹ̀ wà níbẹ̀, aáyù, òróró dúdú kan nínú ìgò, àti ìdì ewé gbígbẹ tó rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ kan. Obìnrin ẹlẹ́wé náà ti sọ fún un pé àgbo òun àti ike kì í jọ gbé inú ara kan. Bí a bá fẹ́ kó jẹ́, àfi kí a gbé ike tì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Mo ní rárá. Mo wí i jẹ́ẹ́, mo wí i kíkankíkan. Ìyá ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ titun wọ́. Mo wo ọkọ mi kó bá mi dá sí i, òun náà ń wo ilẹ̀. Àárín ìyá àti ìyàwó, ọkùnrin gìrìpá tó máa ń bú ẹ́ńjìnnì bí ẹni bú ọmọ iṣẹ́, ó di ẹni tí ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha sìmẹ́ńtì.

"Ìyá Rédíò," ló wí níkẹyìn, "ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ká gbìyànjú ẹ̀ wò. Àwa náà sáà mọ̀ pé ewé ń jẹ́."

Ó mọ̀ mí, ó mọ̀ pé n óò máa fín ìnhélà fún ọmọ ní kọ̀rọ̀. Ó bá kó méjèèjì, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo ní kó kúkú tì mí mọ́bẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Kí n sọ òtítọ́, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ kò burú. Oyin dùn mọ́ Rédíò lẹ́nu, omi atalẹ̀ gbígbóná sì ń mú ọ̀fun rẹ̀ rọ̀. Ìyá máa ń ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, á gbé ìwé kan lé e níkùn, á ní kó máa mí kí ìwé náà máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀. Rédíò fẹ́ràn eré yẹn. Láràárọ̀ kí ọkọ mi tó lọ sí ọgbà, á gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ náà, á dijú bó ṣe máa ń dijú sí mọ́tò. "Ó ti ń rọlẹ̀," ni yóò wí. Ìyá á wá wò mí, ìwò yẹn sì ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun tí èmi ń gbọ́ yàtọ̀. Rédíò tó lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn lẹ́nu ọ̀nà kó sọ ọ́ dé ilé ìdáná láìdánu dúró, ó ti ń sọ díẹ̀, á dúró, á fa èémí, á tún sọ díẹ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn iwájú ilé wa, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ sálúbàtà ló wọ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn. Ìyá ní ọmọ náà ń gbọ́n sí i ni, ó ti ń kọ́ sùúrù. Bí mo bá jí láàárọ̀, ẹ̀rù ni n óò kọ́kọ́ rí kí n tó rí ojúmọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, eruku ń fẹ́ ní títì. Rédíò ti ilé ìwé dé, ó ń wọ́ báàgì rẹ̀ nílẹ̀, kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ súfèé náà kó tó wọlé. Ìyá ti gbọ́ ọ pẹ̀lú. Kí n tó dìde nídìí máṣíìnì, ó ti gbé ìkòkò ewé kúrò lórí iná, ó ti gbé e síwájú àpótí ìjókòó, ó ti mú ọmọ jókòó, ó sì fi aṣọ bo ọmọ àti ìkòkò mọ́lẹ̀ kó máa fa ooru rẹ̀ símú. Òórùn òróró dúdú yẹn gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, ó ta mí lọ́fun.

Lábẹ́ aṣọ, súfèé náà ń le sí i. Mo ń gbọ́ ọ kọjá ariwo òòlù òdìkejì ògiri. Mo pariwo pe ọkọ mi. Ó wọlé tòun ti gíríìsì lọ́wọ́.

"Ẹ ṣí àpótí yẹn. Ẹ mú ìnhélà wá," ni mo wí.

"Ẹ má bà á jẹ́ o!" ni Ìyá ké. "Ó ń jà ni! Àìsàn tó bá fẹ́ jáde, ó gbọ́dọ̀ jà. Ọ̀sẹ̀ náà kù díẹ̀ kó pé, ẹ wá fẹ́ fi ike sọ iṣẹ́ mi dòfo?"

Ọkọ mi dúró láàárín wa, ó gbé ọwọ́ dání. Ó ní ká fún un láyè díẹ̀. Súfèé náà gòkè, ó tinrín, ó gùn, bí ẹ̀fọn létí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ sí i. Ó dákẹ́.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ náà lórí aṣọ, ó dijú. Nígbà tó lajú, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

"Ó ti dákẹ́," ló wí. Ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ìyá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́, ó fẹsẹ̀ ra ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jó. Ó ní, "Mo wí bí? Mo wí bí?"

Èmi kò bá wọn yọ̀. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ irú ìdákẹ́ kan. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá tán lábẹ́ máṣíìnì, kì í pariwo. Ńṣe ni máṣíìnì á kàn fúyẹ́, á máa lọ wẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, aṣọ á máa kọjá. O lè máa yọ̀ pé iṣẹ́ ń yá. Ìgbà tí o bá dojú aṣọ dé ni wàá rí i pé kò sí ojú ìrán kankan níbẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi nídìí aṣọ ìyàwó rí, n kò sì jẹ́ gbàgbé ohùn rẹ̀. Ohùn yẹn ni mo gbọ́ nínú ilé mi lọ́jọ́ náà.

Mo ṣí aṣọ kúrò lórí ọmọ mi.

Ètè rẹ̀ ti dà bí eérú. Ó gbé ejìká méjèèjì sókè, ó di etí àpótí mú, ihò tó wà ní ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ sì ń jìn wọlé bó bá ti gbìyànjú láti mí. Àyà rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò wọlé. Ó wò mí. Ojú yẹn, n óò máa rí i títí n óò fi kú.

"Mà..." ló wí. Kò lè pe ìyókù.

"Oorun ló ń kùn ún," ni Ìyá wí. "Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó sùn."

"Ẹ má tẹ́ ẹ!" ni mo ké. Mo di ọkọ mi mú lọ́rùn aṣọ. N kò tíì dì í mú bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. "Ẹ wo ètè ẹ̀! Kò mí!"

"Ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́, ìwọ náà gbọ́ ọ..."

"Ẹ́ńjìnnì tó bá kú ńkọ́? Ṣé òun náà kì í dákẹ́ ni?"

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ojú rẹ̀ ṣí, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó sì sáré. Mo gbọ́ ọ lọ́gbà, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó ń bú àpò náà, lẹ́yìn náà mo gbọ́ òòlù lórí àgádágodo, gbì, gbì, irin sì já. Ní gbogbo àsìkò yẹn mo gbé Rédíò jókòó dáadáa, mo fa ìgò omi kan lábẹ́ tábìlì, mo fi ṣísọ́ọ̀sì gún ìdí rẹ̀. Mo gún ara mi kí n tó gún ike náà.

Ó kó ìnhélà dé. Mo ki èyí aláwọ̀ búlúù bọ̀ ọ́, mo fi ẹnu ìgò sí ọmọ lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́. "Mí, ìyá mi. Mí díẹ̀. Mí sí i." Kò fi bẹ́ẹ̀ lè fà á. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá dúró ti ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti rí ohun tí mo rí.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló lè rìn nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, ti oníbúrẹ́dì kan tó gbé e wá nítorí ariwo. Páìpù èéfín rẹ̀ ti já, ọkọ mi kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Inú rẹ̀ ni gbogbo wa kó sí. Ó ń bú ramúramù ní gbogbo títì, àwọn ènìyàn ń di etí, àwọn kan ń ṣépè fún wa, ọkọ mi ń tẹ fèrè, ó ń sunkún, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ní ẹ̀yìn, èmi kò gbọ́ nǹkan kan láti inú àyà ọmọ mi. Mo ń tẹ ìnhélà, mo ń pe orúkọ rẹ̀ gidi, èyí tí a kì í sábà pè. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bi mí ní nǹkan. Ohunkóhun. Kó bi mí ìdí tí mọ́tò fi ń pariwo.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ etí, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ náà lé ẹ̀yìn Rédíò, lápá òsì, lápá ọ̀tún. Ọkọ mi ń wò ó bí oníṣẹ́ ṣe ń wo oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

"N kò gbọ́ nǹkan kan níbí," ni dókítà sọ fún nọ́ọ̀sì. "Afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ẹ yára."

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti gíríìsì ara rẹ̀.

Wọ́n fi ìbòmú bò ó lẹ́nu, oògùn ń rú jáde níbẹ̀ bí kùrukùru, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú sílíńdà sí i. Wọ́n ní ká bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dúró ti ògiri, mo sì ń bẹ̀rù débi pé n kò lè gbàdúrà. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ló fò lọ. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìgò oyin wà lórí itan rẹ̀. Bóyá ló mọ̀ pé òun gbé e wá.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa á?" ló bi mí.

Láti inú mọ́tò ni mo ti ń kó èébú jọ fún un, mo ti to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo wo bó ṣe rọ̀ mọ́ ìgò náà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run. Mo ní, "Màmá, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Ẹ má rò pé mo dárí jì í. N kò dárí ji ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

A dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, sálúbàtà wọn ń dún lórí táìlì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ.

Fíì.

Ó tinrín, ó jìnnà. Fíì, fíì. Ọkọ mi ti gbọ́ ọ ṣáájú mi, ó fò dìde.

"Dókítà! Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o! Ó tún ń súfèé!"

Dókítà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa súfèé, bàbá. Ọ̀nà ló ń ṣí yẹn. Ìgbà tí kò dún rárá ni kí ẹ bẹ̀rù."

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè dúpẹ́ nítorí ohun tó ti ń lé e kiri láti ọdún pípẹ́ wá. Mo rọ̀ mọ́ ògiri, mo ń gbọ́ súfèé náà, mo ń sunkún, mo ń fẹ́ kó le sí i. Ó sì le sí i. Àwọ̀ padà sí ètè ọmọ mi díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó rọjú, dókítà bá wa sọ̀rọ̀. Kò pariwo mọ́ wa. Ó ní oyin kò ṣe nǹkan kan, kí ọmọ máa lá a bó bá wù ú, eré ìwé lórí ikùn náà kò burú. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ torí wọn gbé ìnhélà tì, a kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ bo ọmọ yìí mọ́ ooru kankan mọ́. Ìyá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ó gbé ìgò oyin náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún ọlọ́pàá.

Ọkọ mi kò gbọ́ ìdajì ohun tí dókítà sọ. Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ti gbé etí rẹ̀ lé ẹ̀yìn ọmọ náà, ó dijú, omi ojú ń kán lára imú rẹ̀. Mo rò pé Rédíò ti sùn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ìbòmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàámi, irùngbọ̀n yín ń gún mi lẹ́yìn, kí ló dé tí ẹ kì í fá a?"

Èémí kan ṣoṣo ló fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, èmi náà di èkejì mú. Nígbà tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ó tún un bèèrè.